Bí a ṣe ń di ìgbàgbọ́ mú nígbà tí àìsàn bá pẹ́ nínú ilé

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ ni ìṣòro. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé kún. Ẹgbẹ́ ìyá wá, ẹgbẹ́ akọrin wá, àwọn ará àdúgbò gbé ọbẹ̀ wá nínú kúlà, fóònù ò sinmi. Gbogbo ẹni tó bá ń jáde lọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "A máa tó wá dúpẹ́ níbí o." Èmi náà á ṣe àmín. Oṣù kẹrin ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ku èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ, àti Ọlọ́run tí kò sọ ohunkóhun.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọkọ mi ṣubú ní balùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kọ̀ láti gbéra, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu wọn. Ọdún kẹfà nìyí. Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tí ara rẹ̀ kò tètè yá, tó jẹ́ ọmọ lẹ́yìn Kristi, tó sì ń rí i pé ìgbàgbọ́ òun ń tín-ín-rín sí i lójoojúmọ́ bí ọṣẹ inú omi. Mo kọ ohun tí mo ṣe tó dúró, mo sì kọ èyí tí mo ṣe tó ba nǹkan jẹ́, kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ìgbésẹ̀ kan, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó mú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pe àìsàn náà lórúkọ

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, wọ́n ti kọ́ wa láti máa sọ pé "ara mi le" nígbà tí ara ò le. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé ara òun ò yá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára débi pé fún oṣù méje, mi ò lè fi ẹnu mi sọ "rọpárọsẹ̀" nínú àdúrà. "Olúwa, ohun kékeré yìí" ni mò ń wí. Kì í ṣe ohun kékeré. Ọlọ́run sì mọ̀.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Ẹni tí wọ́n ń mú aṣọ láti ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn ní Éfésù, tí ara wọn sì ń yá, òun náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Kò ṣàlàyé, kò tọrọ àforíjì, kò ní ìgbàgbọ́ Tírófímù ló kéré. Tímótì fúnra rẹ̀ náà, Pọ́ọ̀lù ní kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu àti àìlera rẹ̀ ìgbà gbogbo.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: orúkọ àìsàn náà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí dókítà sọ, ohun tí aláìsàn lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe mọ́, gbèsè tó wà nílẹ̀. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ má dín in kù. "Mo fẹ́ kí ọkọ mi tún pe orúkọ mi." Bí mo ṣe kọ tèmi nìyẹn. Ẹ wá gbé ìwé yìí síwájú Ọlọ́run, bí Hesekáyà ṣe tẹ́ lẹ́tà àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ má sọ oògùn àti àdúrà di orogún

Hesekáyà yìí kan náà, nígbà tó ṣàìsàn dójú ikú, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n lọ wá èso ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n fi lé oówo náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí rọpárọsẹ̀ jù, kì í sì í sábà dun èèyàn. Ojoojúmọ́ ni oògùn rẹ̀, bí ara bá tiẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù láti fi hàn pé ẹ gbàgbọ́ kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bá tún ṣubú. Kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tó gbààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ẹ bá sì rí i tí ẹnu ẹnì kan ṣàdédé wọ́ sí apá kan, tí apá rẹ̀ ò gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe orí òkè. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ráhùn sí Ọlọ́run

Ibí yìí ni mo ti rí ara mi gbà padà, nítorí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, ẹni tí tirẹ̀ ti bọ́ sí i ni wọ́n máa ń fún ní máìkì. Mi ò tíì rí i kí wọ́n pe ẹni tó ṣì ń retí jáde rí. Ó wá ń ṣe ẹni tó ń retí bíi pé kò lọ́rọ̀ sọ nínú ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún inú Bíbélì. Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé, "Yóò ti pẹ́ tó?" Sáàmù 88 tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi orúkọ Ọlọ́run ìgbàlà bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí. Kò sí "ṣùgbọ́n èmi yóò dúpẹ́" lópin rẹ̀. Àwọn tó kó orin wọ̀nyí jọ kò sì yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí Olúwa wa fúnra rẹ̀ wà lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 ló mú sẹ́nu: Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?

Àròyé níwájú Ọlọ́run yàtọ̀ sí ìkùnsínú. Ọmọ tí inú ń bí sí ìyá rẹ̀ lè lọ máa rojọ́ rẹ̀ kiri ilé aládùúgbò. Òmíràn á wá dúró níwájú ìyá náà, omijé lójú, á ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí fún mi?" Ọmọ kejì yìí ṣì mọ ẹni tó bí òun.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibi tí àwọn ọmọ ò ti lè gbọ́ mi. Mo kọ́kọ́ pe Ọlọ́run ní orúkọ tó bá wá sí mi lẹ́nu. Arúgbó Ọjọ́. Ẹlẹ́dàá mi. Mo wá ro ẹjọ́ mi, mi ò ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà mo tọrọ ohun kan, ti òní nìkan. Bí mo bá ṣì lágbára, mo máa ń rántí ohun kan tó ti ṣe fún mi rí, mo máa sọ ọ́ síta. Bí mi ò bá lè dé ìyẹn, mo dúró síbi ìtọrọ. Sáàmù 88 náà ò dé ibẹ̀.

Àdúrà òru kan nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà: "Ẹlẹ́dàá mi, ó rẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lóru yìí. Ìwọ rí mi, o ò dá mi lóhùn. Mo bínú sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n sùn di aago márùn-ún. Mi ò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí."

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo sọ pé mo bínú. Mo dákẹ́, mò ń retí ohun tó máa já lé mi lórí. Kò sí nǹkan tó já. Ohun tó hàn sí mi ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti bá Ọlọ́run sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gé àdúrà kúrú kó lè dúró

Kí àìsàn tó dé, wákàtí kan ni mo fi ń gbàdúrà láàárọ̀. Mo gbìyànjú láti máa bá a lọ. Mo ń kùnà, ẹ̀rí ọkàn ń dá mi lẹ́bi, nígbà tó yá mo pa gbogbo rẹ̀ tì. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fún ara yín ní àdúrà tó kéré débi pé ọjọ́ tó burú jù nínú ọ̀sẹ̀ ò ní lè borí rẹ̀. Tèmi ni: Àdúrà Olúwa kí n tó dìde lórí ibùsùn, sáàmù kan nígbà tí mo bá ń fún ọkọ mi ní oúnjẹ ọ̀sán, gbólóhùn kan lálẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn náà: "Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò ní kí ọkùnrin yẹn padà sílé lọ mú ìgbàgbọ́ tó kù wá. Ó wo ọmọ rẹ̀ sàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, wákàtí méjì-méjì ni a máa ń yí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Bí ẹ bá ti jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru fún ìyẹn, ẹ ti ṣe ìṣọ́ òru. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì dá yín lẹ́bi. Nígbà tí Èlíjà sá dé abẹ́ igi nínú aginjù tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló gbé wá. Èlíjà jẹ, ó sùn, áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rìn dé òkè Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà.

Ẹ sì máa kọrin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ oníbàárà, mò ń kọ orin ìwé lọ́wọ́ láìronú. Ọkọ mi, tí kò lè sọ pé "omi" bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, gbè é lẹ́sẹ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ orin náà pé pérépéré lẹ́nu wọn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, pé ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń mú orin jáde kò bá ti ọ̀rọ̀ lásán mu délẹ̀délẹ̀, tí ọ̀kan fi lè bàjẹ́ kí èkejì ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ náà, orin ni àdúrà ìdílé wa. Bí aláìsàn yín kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ dán an wò, orin tó mọ̀ láti kékeré ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ti fi òfin lélẹ̀ kí aríran tó dé

Mi ò sọ pé Ọlọ́run kì í fi ìran hàn. Ìjọ tí wọ́n bí mi sí gbà á gbọ́, èmi náà gbà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ.

Ọdún kejì ni. Ojúlùmọ̀ kan mú mi lọ sọ́dọ̀ aríran kan. Ó ní ọwọ́ kan nínú ẹbí ọkọ mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní obìnrin ni, ó dúdú, ó sì dàgbà ju ọkọ mi lọ. Ta ló kù bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ 21 la máa ṣe, ó sì dárúkọ owó. Aránṣọ ni mí. Maṣíìnì méjì ni mo ní, mo ta èyí tó lágbára nínú wọn. Ọjọ́ 21 pé, kò sí ohun tó yí padà lára ọkọ mi. Ohun tó yí padà ni ojú tí mo fi ń wo ẹ̀gbọ́n wọn, tí í máa wá láràárọ̀ Sátidé láti bá mi wẹ̀ fún wọn. Wọ́n rí ojú náà, wọn ò wá mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi nìkan wẹ ọkùnrin tó wúwo jù mí lọ. Nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti mọ̀." Wọ́n wọ sálúbàtà, wọ́n tẹ̀ lé mi wálé.

Òfin ilé wa láti ìgbà náà nìyí. A kì í sanwó àdúrà: Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, Géhásì tó sáré tẹ̀ lé owó náà, ẹ̀tẹ̀ ló bá a bọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún wa, ọjọ́ méje gbọ́dọ̀ kọjá, a ó sì sọ ọ́ fún ẹni méjì tó ní làákàyè, kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ìran tó bá nàka sí ẹbí, a ń fi í sílẹ̀ níbi tí a ti gbọ́ ọ, a kì í gbé e wọlé. A kì í gbé aláìsàn lọ síbi tí wọ́n ti máa dè é, tí wọ́n máa fi ebi pa á, tàbí tí wọ́n máa gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ nígbà tí ọkàn yín bá balẹ̀, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti há mọ́ lọ́run kì í lè ro òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yanṣẹ́ fún àwọn èèyàn

Mo rò pé ìkà ló lé àwọn èèyàn lọ. Kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n máa sọ ló tán lẹ́nu wọn, ojú sì ń tì wọ́n. Ẹ fún wọn níṣẹ́ tí kò gba ọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni mẹ́ta: ẹnì kan tó máa ń gbàdúrà fún yín ní ọjọ́ tí ẹ̀yin ò lè gbà á, ẹnì kan tó lè jókòó ti aláìsàn kí ẹ lè jáde, àti ẹnì kan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún tí kò ní fi ẹsẹ Bíbélì pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ má kọ "ẹ máa rántí wa" ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí sórí WhatsApp: "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi jókòó ti bàbá àwọn ọmọ ní Sátidé, láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá? Mo fẹ́ lọ sọ́jà." Ẹni mẹ́rin ni mo kọ ọ́ sí, ẹni méjì wá.

Ní ti àwọn tó máa bi yín pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀, Jésù ti dáhùn nínú Jòhánù 9: kì í ṣe nítorí pé ọkùnrin náà dẹ́ṣẹ̀, tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn jiyàn. Mo ti há gbólóhùn kan sórí: "Ẹ ṣé mà, ẹ bá wa fi sínú àdúrà." Mo máa ń sọ ọ́, màá sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kan náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má fi ọdún ẹlòmíràn wọn tiyín

Wọ́n máa ka ọdún fún yín: Ábúráhámù, ọdún 25, obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ọdún 12, ọkùnrin ẹ̀bá adágún Bẹtẹ́sídà, ọdún 38. Ó máa ń tù èèyàn nínú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà á di ẹrù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ ìloro márùn-ún yẹn, ẹnì kan péré ni a gbọ́ pé ó gbé ibùsùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìtàn tó ń dì mí mú sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1821, wọ́n kó Àjàyí, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, àti Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣoògùn, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Ọdún 25 ni ìyá àti ọmọ kò fi fojú kan ara wọn, títí di 1846 tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, ó di Hánà. Ìpàdé náà kọ́ ni mo sábà máa ń rò. Àárín ni mo máa ń rò. Ọmọ yẹn ti ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní 1825, ó ti kàwé, ó ti di olùkọ́, wọ́n ti fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, kò sì sí èyí tó dé etí ìyá rẹ̀. Àfàlá kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù nígbà náà, kò ní ìlérí kankan tó lè rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ nǹkan ń lọ níbi tí ojú rẹ̀ ò tó. Ọmọ rẹ̀ ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí èmi fi ń ka "Yóò ti pẹ́ tó?" láàárọ̀. Mi ò sọ pé ọdún 25 ni tiyín, tàbí pé ó máa parí bíi tiwọn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìlà kan lójúmọ́ sí i, ti ohun tí ojú yín tó. Nínú tèmi: "Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé kọ́ọ̀bù." "Ọmọ aláta sọ pé kí n san owó lọ́la." Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kọ "Kò sí." Ẹ kọ ìyẹn náà. Ní ìparí oṣù, ẹ kà á padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ó bá ti kọjá àárẹ̀

Bí ẹ̀yin tàbí aláìsàn bá ti ń rò ó pé ikú sàn, bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Èlíjà sọ bẹ́ẹ̀ rí, Jónà náà sọ ọ́. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, kì í ṣe àmì pé ẹ ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ jẹ́ kí ìjọ wá bá yín

Bí aláìsàn kò bá lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ fún àlùfáà tàbí olùṣọ́-àgùntàn yín pé kó máa gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá sílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ bá a dá ọjọ́, bíi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, kó má jẹ́ ìgbà tó bá rántí. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ẹ pe àwọn ọmọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí àlùfáà wa wá, ọkọ mi ò na ọwọ́. Mo rò pé wọ́n ti bínú kọ̀ ọ́. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé mi. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè gbéra, wọ́n sì jẹ́ ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa: wọn ò lè na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, áḿbọ̀tórí ara Olúwa. Àlùfáà, tó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ, wò wọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, wọ́n gbé ọwọ́ òsì ọkọ mi, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi búrẹ́dì náà sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ tiwọn méjèèjì gbá a mọ́ra títí wọ́n fi gbé e dé ẹnu.